Bembeya Jazz: bí ẹgbẹ́ olórin Beyla ṣe di ohùn ilẹ̀ Gínì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń ta gìtá, l'Abẹ́òkúta. Ọ̀rẹ́ mi kan fi orin Bembeya Jazz ti ilẹ̀ Gínì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo gbọ́ ọ títí, n kò rí jazz kankan níbẹ̀. Ó jọ highlife, ó sì tún jọ orin àwọn ará Kúbà. Kí ló dé tí wọ́n fi ń jẹ́ Jazz? Wọ́n ní ìlú kékeré ni wọ́n ti wá, báwo wá ni òkìkí wọn ṣe kàn tó bẹ́ẹ̀? Bí mo bá sì fẹ́ kọ́ ọwọ́ onígìtá wọn, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Etí yín kò parọ́. Bí ẹ bá fi ti New Orleans wọ̀n ọ́n, jazz kò sí nínú ohun tí ẹ gbọ́. Irú ẹgbẹ́ ni jazz ń tọ́ka sí níbẹ̀, kì í ṣe irú orin. Láyé ìgbà tí Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù ń ṣèjọba lé wọn lórí, ẹgbẹ́ yòówù tó bá ti ní trumpet, saxophone, gìtá oníná, àti ìlù tí ẹnì kan jókòó tì tó ń fọwọ́ fẹsẹ̀ lù, jazz ni wọ́n ń pè é. Àwọn Faransé fúnra wọn a tilẹ̀ máa pe ìlù yẹn nìkan ní jazz, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà onílù highlife tiwa náà ṣe ń pè é ní jazz drum. Ní Léopoldville, tó ń jẹ́ Kinshasa lónìí, Joseph Kabasele dá African Jazz sílẹ̀ lọ́dún 1953, OK Jazz tí Franco wà nínú rẹ̀ sì dé lọ́dún 1956. Rumba ni àwọn méjèèjì ń kọ. Nítorí náà, níbi tí ẹ bá ti rí jazz lára orúkọ ẹgbẹ́ àtijọ́ láti Gínì, Málì tàbí Kóńgò, ẹgbẹ́ onírinṣẹ́ ìgbàlódé ni kí ẹ kà á sí. Ti jáàsì tí àwọn ọmọ ìgboro ń pe oògùn kò sí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́ ìka Sékou Diabaté, onígìtá wọn, lè fura.

Ní ti bí òkìkí wọn ṣe kàn, ọwọ́ ìjọba wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, de Gaulle, olórí ìjọba Faransé, ní kí àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé dìbò bóyá wọ́n fẹ́ wà nínú àjọṣe tuntun tó gbé kalẹ̀. Ní Áfíríkà, Gínì nìkan ló sọ pé òun kò ṣe. Ó di òmìnira lọ́jọ́ 2 oṣù kẹwàá, àwọn Faransé sì fi ìbínú palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ààrẹ Sékou Touré àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, PDG, wá wo àwọn ẹgbẹ́ olórin tó wà ní Conakry, wọ́n rí i pé tango àti waltz ni wọ́n ń fi ṣe fàájì fún àwọn òyìnbó. Wọ́n ní kí wọ́n tú ká. Wọ́n ṣa àwọn tó mọṣẹ́ jù nínú wọn sínú ẹgbẹ́ ìjọba kan, Syli Orchestre National. Syli ni erin lédè Susu, erin sì ni àmì PDG. Àṣẹ tí wọ́n pa fún wọn ni pé kí wọ́n padà sídìí orin àwọn baba wọn, kí wọ́n wá fi irinṣẹ́ tuntun gbé e jáde.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fi orin gun àkàbà ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìgbìmọ̀ PDG wà ní abúlé àti àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka wà lókè ìgbìmọ̀, ẹkùn wà lókè ẹ̀ka, àwọn ẹkùn náà sì wá lé ní ọgbọ̀n. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní láti ní ẹgbẹ́ onígìtá tirẹ̀, pẹ̀lú àwọn oníjó ìbílẹ̀, àwọn òṣèré àti àwọn akọrin. Ìjọba ló ń ra gìtá, fèrè àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún wọn. Wọn a kọ́kọ́ díje nílé, ẹni tó bá borí á lọ bá àwọn ẹkùn yòókù ní Conakry. Ẹgbẹ́ tó bá wá fakọ yọ níbẹ̀ léraléra, ìjọba á sọ ọ́ di ti orílẹ̀-èdè: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á di òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbowó oṣù, wọn á kó wá sí olú ìlú, wọn á máa bá ààrẹ rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun. Ọmọ oko tó mọ gìtá ta lè tipa báyìí dé Havana ní Kúbà láìjẹ́ pé ó ní bàbá olówó. Ẹ ò rí i pé èyí yàtọ̀ pátápátá sí ti Èkó, níbi tí Bobby Benson ti ní láti fi owó ara rẹ̀ àti hòtẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ gbé ẹgbẹ́ ró.

Beyla wà ní gúúsù ìlà oòrùn Gínì, lẹ́bàá ilẹ̀ igbó, ó sì lé ní kìlómítà 800 sí Conakry lójú títì. Émile Kondé tó jẹ́ gómìnà ẹkùn náà ló kó àwọn ọ̀dọ́ jọ lọ́jọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1961. Orchestre de Beyla ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́ kí wọ́n tó gba orúkọ odò Bembeya tó ń ṣàn kọjá níbẹ̀. Sékou Diabaté ló ń ta gìtá, Hamidou Diaouné wà nídìí báàsì, Mory Mangala Condé wà nídìí ìlù, Salifou Kaba ń kọrin. Achken Kaba àti Sékou Camara tí wọ́n ń pè ní Le Gros wà lára àwọn tó ń fun fèrè. Lọ́dún 1963, Aboubacar Demba Camara wọlé. Ohùn rẹ̀ ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ó lè kọrin bí ọmọ jeli, àwọn tí orin ìyìn àti ìtàn jẹ́ iṣẹ́ ìdílé wọn, ó sì lè yí i padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ sí ohùn ẹni tó ń ṣe fàájì ní ilé ọtí. Ẹ gbọ́ "Whisky Soda" kí ẹ rí ohun tí mò ń wí.

Wọ́n gba ipò kìíní ní Conakry lọ́dún 1964, wọ́n tún gbà á lọ́dún 1965. Ní 1966, wọ́n di Bembeya Jazz National. Àléébù àkàbà yẹn náà hàn síta lójú kan náà, nítorí ẹkùn tó bá tọ́ ẹgbẹ́ dàgbà dáadáa ni wọ́n ń gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Beyla tún ní láti dá òmíràn sílẹ̀. Simandou ni wọ́n pè é, orúkọ òkè tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí nítorí irin tó wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Simandou náà kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ o, àmọ́ ta ló ń rántí wọn?

Kúbà tí ẹ sọ pé ẹ gbọ́, Kúbà ni lóòótọ́. Láti 1933 ni ilé iṣẹ́ àwo HMV ti ń ta àwo son, orin ijó àwọn ará Kúbà, láti Havana ní Áfíríkà, nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà GV sàmì sí, torí náà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Bembeya ti ń gbọ́ ọ kí ọwọ́ wọn tó kan gìtá. Lọ́dún 1965 wọ́n lọ sí Kúbà fúnra wọn. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ jù nípa ìrìn àjò náà ni pé Abelardo Barroso, àgbà akọrin son, sunkún nígbà tó gbọ́ Demba. Ẹ wá "Sabor de Guajira": èdè Spanish ni wọ́n fi kọ ọ́, ní Conakry. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ìlù Kúbà wà nínú orin wọn, ẹ ka 1 dé 16 lọ́gbọọgba, kí ẹ pàtẹ́wọ́ sí 1, 4, 7, 11 àti 13. Èyí ni clave. Yóò bá àwọn orin wọn tó rọra ń lọ ní mẹ́rin-mẹ́rin mu, ẹ ó sì rí i pé ọmọ ìyá kónkóló, ìlù agogo tiwa, ni. Kò yani lẹ́nu, ṣebí chekeré tí wọ́n ń mì ní Kúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà ni. Bí clave yín bá ń kọsẹ̀ lára orin kan, ẹ má fi ipá mú un. Ó ṣeé ṣe kí orin náà jẹ́ ti àwọn Maninka, ẹ̀yà kan ní Gínì, èyí tí a ń kà dé 12 dípò 16. Nínú orin mélòó kan ẹgbẹ́ náà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan, wọ́n a sì ré kọjá sí èkejì nígbà tí gìtá bá gba ipò ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tó tóbi jù tí wọ́n ṣe ni "Regard sur le passé", ìyẹn bíbojú wẹ̀yìn. Samory Touré ló dá lé, ọba ajagun tó bá Faransé jà fún bí ọdún mẹ́rìndínlógún kí wọ́n tó mú un lọ́dún 1898. Gabon ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1900. Ní 1968, wọ́n gbé egungun rẹ̀ padà sí Gínì. Orin náà lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó gba ojú àwo méjèèjì tán. Ẹnì kan ń fi èdè Faransé sọ ìtàn, àwọn akọrin ń fi Maninka dáhùn, balafon, ohun èlò onígi tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù, ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ wọn, ìdí orin náà sì ni "Kémé Bouréma", orin tí àwọn jeli ti ń kọ fún àbúrò Samory láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ, arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ ni kí ẹ fọkàn sí, kì í ṣe olórin òde àríyá. Ẹni tó mọ orin oge nìkan mọ́ Bembeya ni ó máa ń sú níbẹ̀, nítorí ó ń retí ijó, ijó kò sì tètè dé. Wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nítorí rẹ̀ níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo Áfíríkà ní Algiers lọ́dún 1969. Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ òṣèlú pọ̀ nínú rẹ̀: Sékou Touré ń pe ara rẹ̀ ní àtọmọdọ́mọ Samory, nítorí náà ẹni tó bá ń ki Samory ń ki ààrẹ. Síbẹ̀ orin náà ga ju ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe lọ.

Ní òpin oṣù kẹta ọdún 1973, ẹgbẹ́ náà dé Dakar láti ṣeré. Ọkọ̀ tó ń gbé Demba, Sékou Diabaté àti Salifou Kaba láti pápákọ̀ òfurufú wọ ìlú ní ìjàm̀bá. Demba kú ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ìjọba ló sin ín. Ẹgbẹ́ náà dákẹ́ fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n mú akọrin púpọ̀ dípò ẹyọ kan, gìtá sì wá bọ́ síwájú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn àwo tó jáde lẹ́yìn ikú Demba, "Le Défi" lọ́dún 1976 àti "La Continuité" lọ́dún 1977, fi wúlò fún yín ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọdún 1977 yẹn náà ni wọ́n wá sí Èkó fún FESTAC, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní orúkọ "Diamond Fingers" ti mọ́ Sékou Diabaté lórí.

Owó oṣù ìjọba kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ilé iṣẹ́ àwo kan ṣoṣo ló wà, Syliphone, ti ìjọba ni. Ohun tí PDG bá fẹ́ gbọ́ ni wọ́n ń kọ; "Armée Guinéenne", orin ìyìn àwọn ọmọ ogun, wà lára àwọn orin wọn tó dùn jù, èyí tó fi hàn pé orin tí wọ́n pàṣẹ rẹ̀ náà lè ládùn. Àmọ́ nígbà tí Sékou Touré kú ní oṣù kẹta 1984, ìjọba ológun tó gba ipò kò rí ìdí tí òun yóò fi máa bọ́ olórin. Ẹgbẹ́ tó ti ń gbowó oṣù fún ọdún méjìdínlógún kò mọ bí wọ́n ṣe ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbìyànjú, wọ́n ṣe àwo mélòó kan fún ilé iṣẹ́ àwo Bolibana ní Paris, "Sabou" àti "Wa Kele" wà lára wọn, àmọ́ nígbà tí ọdún 1990 ti wọlé tán, ẹgbẹ́ náà ti sùn. Ọdún 2002 ni wọ́n jí padà pẹ̀lú àwo tí Christian Mousset ṣe, tí wọ́n sì pè ní "Bembeya".

Kí ẹ tó ra tàbí wa ohunkóhun sórí fóònù, ẹ fi ọdún sí ọkàn. Orin kan náà lè wà ní ẹ̀dà mẹ́ta: ti àwo kékeré àtijọ́, èyí tó máa ń gé orin ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ojú kan, ti orí ìtàgé, bí "10 ans de succès" tí wọ́n gbà níwájú èrò lọ́dún 1971, àti ti Paris, tí ohùn rẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tí gìtá inú rẹ̀ kò gbóná bákan náà. Èyí tó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni "The Syliphone Years", àkójọ alápá méjì tí ilé iṣẹ́ àwo Sterns ṣe lọ́dún 2004. Ẹ má fi WhatsApp dájọ́ orin wọn. Ó ń fún fáìlì mọ́lẹ̀, báàsì Hamidou ló sì ń kọ́kọ́ sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa rí orúkọ kan náà pẹ̀lú sípẹ́lì oríṣiríṣi. "Doni Doni" tilẹ̀ rọrùn: "díẹ̀ díẹ̀" ni lédè Maninka, ìbẹ̀rẹ̀ òwe tó ní díẹ̀ díẹ̀ ni ẹyẹ ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀. Àwa ní tiwa ní díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ó wá ku gìtá. Ìdílé jeli ni Sékou Diabaté ti wá, gìtá sì ti wà nínú ìdílé náà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn jeli kò kọ́ gìtá lọ́wọ́ òyìnbó bí a ṣe ń kọ́ ọ láti inú ìwé chord. Ọwọ́ balafon àti ti kora, ohun èlò olókùn púpọ̀ tí àwọn jeli ń ta, ni wọ́n gbé lé e lórí. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ́kọ́ wá chord, ẹ ti ṣìnà. Ẹ máa ta á bíi pé ọwọ́ méjì ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àtàǹpàkò ń mú ìsàlẹ̀, ìka ìfábẹ̀lá ń mú òkè, ìka méjì péré ni wọ́n sì máa ń lò.

Orin kọ̀ọ̀kan ní ohun méjì nínú. Ọ̀kan ni gbólóhùn kúkúrú tó ń yí po, tí àwọn oníkora Mandinka ń pè ní kumbengo. Èkejì ni ìsáré, birimintingo, tó ń bẹ́ jáde láti òkè tó sì ń dà wálẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ìdarí rẹ̀: púpọ̀ nínú ìsáré Sékou, ìsàlẹ̀ ni ó ń lọ. Ọ̀pọ̀ onígìtá tiwa máa ń gun òkè nígbà tí orin bá gbóná, ibẹ̀ sì ni àfarawé ti ń bàjẹ́.

Ẹ gbìyànjú èyí. Ẹ mú key C, ẹ ka 1 dé 12 láìyára, kí ẹsẹ̀ yín máa lu ilẹ̀ ní 1, 4, 7 àti 10. Kí àtàǹpàkò mú do ìsàlẹ̀ ní 1 àti so ìsàlẹ̀ ní 7, kí ìka ìfábẹ̀lá máa fi mi, so àti do òkè kún àárín wọn bí ó bá ṣe rọ̀ yín lọ́wọ́. Ìyẹn ni kumbengo yín. Ẹ ta á yípo mẹ́jọ láìyí nǹkan kan padà. Ní yípo kẹsàn-án, ẹ fi 1, 2 àti 3 sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Tí ó bá di 4, ẹ mú mi lórí okùn tó tínrín jù ní fret 12, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ ní ohùn kan fún oókà kan: mi, re, do, ti, la, so, fa, mi, re. Re ìkẹyìn á bọ́ sí 12, do á sì bọ́ sí 1 gẹ́ẹ́, níbi tí àtàǹpàkò ti ń dúró dè é. Bí do yín bá dé ṣáájú tàbí lẹ́yìn 1, ẹsẹ̀ yín ló dá dúró nígbà tí ìka ń sáré. Ẹ padà sí ìdajì ìyára náà.

Àṣìṣe tó kù sábà máa ń wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ yọ àwọn chord onísẹ́fẹ́ǹtì ńlá ńlá tí a kó lọ́dọ̀ àwọn onígospel kúrò. Chord méjì tàbí mẹ́ta ló ń gbé ọ̀pọ̀ orin wọn. Balafon Maninka pín octave, ìyẹn láti do dé do òkè, sí 7 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà mi rẹ̀ kò sí lórí fret gìtá kankan. Bí Sékou ṣe ń fa okùn díẹ̀, tàbí tó ń fi irin yọ̀ ọ́ kọjá, ń sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ ti gbọ́ irú irin yíyọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, lọ́wọ́ Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù, àmọ́ ti Sékou kúrú, ó sì máa ń wá ní òpin gbólóhùn. Gìtá rẹ̀ máa ń dún bí ohùn tó ń jáde láti inú ihò. Reverb, tó ń mú kí ohùn dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá ló wà, ni kí ẹ fi wá a, ẹ dín delay, tó ń tún ohùn sọ lẹ́yìn yín, kù, nítorí delay á da oókà 12 yín rú. Bí gìtá yín bá kọ̀ tí kò bá àwo mu, ó lè jẹ́ ìyára téèpù àtijọ́ ló fà á. Ẹ tún okùn ṣe kí ó bá àwo, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Orin tí ẹ ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ni "Petit Sékou". Gìtá ni akọrin níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan fún báàsì nìkan, lẹ́ẹ̀kan fún gìtá kejì tó ń yí po lẹ́yìn, kí ẹ tó fún Sékou ní etí yín.